Èmi Ni Mo Ti Ẹja Náà Sínú Odò

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará Pelham Bend. Ìwé tí wọ́n pín fún yín lẹ́nu ọ̀nà sọ pé èmi, Una Greaves, ni n ó ṣí Ọ̀sẹ̀ Odò Wa ẹlẹ́ẹ̀kejìlá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìkíni ìṣẹ́jú márùn-ún, pé lẹ́yìn náà a ó jáde lọ ṣí aṣọ lójú àwòrán tuntun ara ògiri ilé ìkàwé, a ó sì mu tíì. Ọ̀rọ̀ mi máa ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ jẹ́ kí aṣọ yẹn ṣì wà lójú àwòrán náà, nítorí tí mo bá parí, ó ṣeé ṣe kí ẹ fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Kò dà nínú mi láti ọjọ́ náà. Ìrọ̀lẹ́ òní ni n ó pọ̀ ọ́ jáde níwájú yín, ẹni tí kò bá fẹ́ kó ta sí òun lára kó sún sẹ́yìn díẹ̀. Saskia, jọ̀ọ́ jókòó. Ó máa ṣe ọ́ bíi kí o dìde tó bá yá, ṣùgbọ́n jókòó ná.

Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa la àyà mi ní Melbourne. Dókítà náà, ọmọdé kan báyìí tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì mọ ibi tó fẹ́ hù sí, sọ fún mi pé ọkàn mi dà bíi pọ́ǹpù omi tó ti gbó. Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì bu omi fún mi. Ẹ̀yin náà máa mọ̀ láìpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ìlú yìí lè má mọ̀ mí. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi tọ́jú ilé ìkàwé wa. Ìdajì àwọn tó jókòó síbí, èmi ni mo kọ́ wọn kí wọ́n má máa fi itọ́ ṣí ìwé. Alf ọkọ mi ti kú tipẹ́. N kì í mutí, n kì í ṣòfófó, n kì í sì í wa mọ́tò ní ìwàkuwà. Tí nǹkan bá sọnù nílùú, èmi ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹlẹ́rìí. Tí ọ̀rẹ́ méjì bá jà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá. Gbogbo ènìyàn gbà pé olóòótọ́ ni mí. Ẹ ṣàkíyèsí ibẹ̀ yẹn dáadáa, nítorí orúkọ rere yẹn gan-an ni mo fi lu ẹlòmíràn lórí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ilé-iṣẹ́ kan láti ìlú ńlá fẹ́ gbé ẹ̀rọ mẹ́fà sí òkè odò wa, kí wọ́n máa fa omi lọ sí oko ìrẹsì kan tó fẹ̀ ju gbogbo ìlú wa lọ. Ìgbìmọ̀ ìlú ló máa dìbò lé e lórí lọ́jọ́ Ajé kan. Àwa kan wá kóra jọ, a ní ká fi odindi ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbò yẹn la ojú ará ìlú: kí àwọn ọmọ iléèwé ya àwòrán, kí àwọn onímọ̀ wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, ká ṣeré, ká kọrin, ká sì parí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ́de lórí afárá lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni mo kọ́kọ́ mú àbá yẹn wá. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀, nítorí láti ọjọ́ náà ni mo ti ka ọ̀sẹ̀ yẹn sí dúkìá mi.

Mo ti fi oṣù mẹ́jọ hun odò sílẹ̀ fún un. Odò ni mo pè é. Òwú irun àgùntàn ni mo fi hun ún, ogójì mítà ní gígùn, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ẹrẹ̀. Gbogbo ibi tí odò wa ti yí kọ́rọ́ ló wà níbẹ̀, títí kan ibi tí Alf ti já bọ́ sómi lọ́jọ́ tó fẹ́ sọ pé òun fẹ́ fi mí ṣaya. Èrò mi ni pé a ó na aṣọ náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì lórí afárá, gbogbo ènìyàn yóò dákẹ́ rọ́rọ́, ẹnì kan yóò sì béèrè pé ta ló ṣe é.

Saskia Thorley ti kó dé láti Melbourne nígbà yẹn. Ó mọ iṣẹ́ ọnà. N kò lè parọ́ mọ́ lónìí, ó mọ̀ ọ́n púpọ̀. Ó wo aṣọ mi, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Màmá Una, èyí dára kọjá sísọ. Mo ti mọ ibi tí màá lò ó sí." Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣe kéèkì fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló pè mí sí ilé páànù ńlá etí odò, níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn láyé àwọn bàbá wa. Ẹja ni mo bá níbẹ̀. Ẹja kọ́ọ̀dù, baba gbogbo ẹja odò wa, mítà mẹ́sàn-án láti ẹnu dé ìrù, tó fi ọ̀pá, wáyà àti bébà ṣe, tó sì gbé ka ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mẹ́rin kí a lè máa tì í lọ. Ìpẹ́ rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, ọmọ iléèwé ló sì kun ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ ń wo ènìyàn bí ojú ọ̀gá àgbà. Mo bi Saskia pé aṣọ mi dà. Ó rọra ṣí ẹ̀gbẹ́ ikùn ẹja náà bí ẹni ṣí fèrèsé, mo yọjú, mo sì rí odò mi tó ká lọ ká bọ̀ nínú òkùnkùn ibẹ̀.

Ó ní, "Ìfun rẹ̀ nìyẹn, Màmá Una. Odò nínú ẹja, ẹja nínú odò. Ṣé ẹ rí i?"

Mo ní mo rí i. Mo ní ó wú mi lórí. Mo rẹ́rìn-ín, mo délé, mo sì fọ́ ìkòkò tíì tí ìyá ọkọ mi fún mi. Oṣù mẹ́jọ gbáko, àwọn ìka mi wú, ojú mi ń ro mí, ohun tí mo sì bí ni ìfun ẹja.

Bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹja ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọdé tò lọ wo ẹja. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, onímọ̀ kan tó wá sọ̀rọ̀ nípa ẹrẹ̀ àti iyọ̀ fi ìdajì àkókò rẹ̀ yin ẹja. Lọ́jọ́rú, akéwì kan ka ewì ogún ìlà fún ẹja, mo sì ka ìlà kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe jókòó. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìfun.

Ọjọ́bọ̀ ló ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ẹ̀kọ́ nípa ọ̀pọ̀lọ́ ń lọ lọ́wọ́ ní ilé ìkàwé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti yunifásítì ń kọ́ wa ní igbe oríṣi ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́rìnlá tó ń gbé etí odò wa, ó pín wa sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ké tirẹ̀. Ọgọ́ta àgbàlagbà ló ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn mìíràn di ojú wọn pa. Alága ìgbìmọ̀ ìlú wà láàárín wọn, ó sì mọ̀ ọ́n ké ju gbogbo wọn lọ. Nínú ariwo yẹn ni mo ti mú àlùmọ́gàjí orí tábìlì tí mo ti lò fún ọdún mọ́kàndínlógójì, mo fi sínú báàgì mi, mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Kí n lọ yọ aṣọ mi kúrò nínú ikùn yẹn ni mo fẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ yọ ọ́, kí n dá ikùn náà padà bó ṣe wà, kí n sì na odò mi sórí afárá lọ́jọ́ Sátidé ṣáájú kí ẹja tó dé.

Mervyn Pruett ni mo bá níbẹ̀. Gbogbo yín mọ Mervyn. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù pọ́ǹpù lójú pópó, pọ́ǹpù kéékèèké tí ènìyàn fi ń fa omi sí ọgbà tàbí fún màlúù. Nítorí pé pọ́ǹpù ló ń tà, àwọn kan ti ń wò ó bí ẹni tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ mọ wọn rí. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, ó ń fi afẹ́fẹ́ sí àwọn táyà rẹ̀.

Ó ní, "Mísíìsì Greaves, ẹ káàsán. Táyà yìí ti rọ̀, wọn ì bá tì í títí kó má mira. Mo ti ṣe é, ó máa sáré bí ẹṣin báyìí." Ó dìde, ó nu ọwọ́, ó wo ojú ẹja náà. "Ẹ wò ó, bàbá Coral ìyàwó mi gẹ́lẹ́ ló jọ. Ẹ má sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó wọ píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ó juwọ́ sí mi, ó lọ. Ẹ rántí pé ó rí mi níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó rí mi.

Mo ṣí ikùn ẹja. Mo rí etí aṣọ mi, mo fà á. Kò wá. Saskia kò sọ fún mi pé aṣọ yẹn ló di egungun ìhà ẹja náà mú; ó ti so ó mọ́ ọ̀pá kan, ó tún so ó mọ́ èkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ìrù. Mo gé ìdè kan, mo tún fà. Mo gé méjì sí i. Nǹkan ró kẹ̀rẹ̀ nínú ẹja náà, orí rẹ̀ sì rọra tẹ̀ síwájú, ó ń mi orí sí mi bí ẹni tó gbà pé mo jàre. Ẹ̀yìn rẹ̀ rì. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ là láti etí dé ìdí, ìpẹ́ àwọn ọmọ iléèwé sì ń já bọ́ sí mi lórí bí òjò. Lọ́wọ́ kan, mo ní àlùmọ́gàjí, lọ́wọ́ kejì, odò mítà mẹ́ta. Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Ó yẹ kí n jókòó sílẹ̀ kí n máa sunkún títí wọn yóò fi bá mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní kí n tì í sún mọ́ ògiri ẹ̀yìn kó lè fara ti nǹkan, kó dà bíi pé fúnra rẹ̀ ló wó.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé páànù yẹn wà ní ṣíṣí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sínú odò. Mo tì í lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ Mervyn dára. Ẹja náà kọjá lára mi, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde láìfarakàn án, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà náà pẹ̀lú orí tó ń mì, ó sì wọ inú odò bí ẹni tó ń lọ sílé. Ó léfòó. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ìrù sókè, ó sì bá omi lọ. Àwọn bàbá méjì kan tó ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja nísàlẹ̀ afárá rí i bó ṣe ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò fẹnu kan bíà mọ́ títí ó fi kú. Lẹ́yìn ibi tí odò ti yí kọ́rọ́ ló rì.

Mo ki aṣọ mítà mẹ́ta bọ báàgì, mo gbọn ìpẹ́ kúrò ní irun mi, mo padà sí ilé ìkàwé. Wọ́n ti dé orí ọ̀pọ̀lọ́ kọkànlá. Mo jókòó sáàárín wọn, mo ya ẹnu, mo sì ń ké. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà na ìka sí mi, ó ní kí gbogbo ènìyàn gbọ́ bí màmá yìí ṣe ń ṣe é, ó ní ohùn mi ní ìbẹ̀rù tó yẹ kó ní.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé ẹnì kan ti ẹja wa sínú odò. Ta ló lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n sì rántí ẹni tó ń ta pọ́ǹpù. Wọ́n rí ibi tí táyà píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé páànù. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Mervyn fúnra rẹ̀ lọ bá Sájẹ́ǹtì Bexley ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní òun lọ síbẹ̀ lóòótọ́, òun fi afẹ́fẹ́ sí táyà, èmi ni òun sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹja. Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ló wá sílé mi, ó ṣí fìlà, ojú ń tì í.

Ó ní, "Màmá, ẹ forí jì mí, iṣẹ́ ni. Ṣé ẹ rí ohunkóhun níhà ibẹ̀ lánàá?"

Mo ní, "Mo rí ọkọ̀ Mervyn."

Òótọ́ ni. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ láàárín ọdún mọ́kànlá yìí, kò sí èyí tó jóòótọ́ tó o, kò sì sí èyí tó burú tó o. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò bi mí níbi tí mo dúró sí nígbà tí mo rí i, èmi náà kò sì sọ. Mo fún un ní bísíkíìtì.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a kún inú gbọ̀ngàn yìí, kò sí àyè láti fi ẹsẹ̀ sí. Saskia sunkún lórí pèpéle yìí. Ẹnì kan kígbe orúkọ Mervyn, àwọn mìíràn gbà á. Mervyn dìde láàárín yín, ó ní, "Èmi kọ́. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, Mísíìsì Greaves ló kù pẹ̀lú ẹja yẹn. Òun ni kí ẹ bi." Gbogbo yín yíjú sí mi. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti sọ láyé mi, ìṣẹ́jú yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo ṣí báàgì mi kí n mú áńkáṣífù, odò mi ni ọwọ́ mi bà, mo sì bú sẹ́kún. Ẹkún tòótọ́ ni. Ẹ̀yin rò pé ó dùn mí pé wọ́n purọ́ mọ́ mi. Ẹni mẹ́rin ló dì mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Coral ìyàwó Mervyn fúnra rẹ̀ fa aṣọ rẹ̀, ó ní, "Mervyn, jókòó. Ojú ò tì ọ́?" Kò jókòó. Ó jáde, wọ́n sì ń hó lé e lórí títí ó fi dé òpópónà.

Ẹ mọ ìyókù. Nítorí ìbínú ẹja yẹn, ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ló dé orí afárá lọ́jọ́ Sátidé, nínú ìlú tí a kò tó ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀. Àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n dé. Lọ́jọ́ Ajé, ìgbìmọ̀ ìlú kọ ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Odò wa ṣì ń ṣàn lónìí, mo sì ti fi ìyẹn tu ara mi nínú lọ́pọ̀ òwúrọ̀ pé bóyá ohun rere ni mo ṣe.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ti Mervyn. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ọgọ́rin kìlómítà lọ ra pọ́ǹpù nílùú mìíràn. Ẹ kò kórìíra rẹ̀ nítorí ẹja nìkan. Ẹ kórìíra rẹ̀ nítorí pé ó fi ẹ̀sùn kan opó arúgbó. Òótọ́ tó sọ ló jẹ ẹ́ níyà. Lọ́dọọdún, tí Ọ̀sẹ̀ Odò Wa bá dé, ẹnì kan máa ń so agolo sàdíìnì mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. N kò mọ ẹni náà. Kí ẹni náà má ṣe wo ilẹ̀ báyìí, mo ti rí i.

Èmi náà ń ṣe ìrònúpìwàdà, lọ́nà tèmi. Lọ́dọọdún, mo ń lọ ra pọ́ǹpù kan lọ́wọ́ Mervyn. N kò ní kànga, n kò ní màlúù, ọgbà mi kò ju ìkòkò òdòdó mẹ́ta lọ. Mervyn á bi mí pé irú èwo ni mo fẹ́, n ó ní èyí tó dára, á gbé e sínú ọkọ̀ fún mi, a ó sì kí ara wa pé ó dàbọ̀. Pọ́ǹpù mọ́kànlá wà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí mi, nínú páálí wọn, tí n kò ṣí rí. Mọ́tò mi ń sùn síta nítorí wọn.

Ẹ má tíì káàánú mi. Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ní ọdún keje, ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìparí. Mo dúró síbi tí mo dúró sí yìí, mo ní àkókò ti tó kí a dẹ́kun agolo sàdíìnì yẹn, mo sì ní, níwájú gbogbo ìlú, pé èmi Una Greaves dárí ji Mervyn Pruett. Mo dárí jì í! Ẹ dìde fún mi. Àwọn kan sunkún. Ìwé ìròyìn ìlú gbé àwòrán mi. Mervyn kà á nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nígbà tí mo sì lọ ra pọ́ǹpù lọ́dún yẹn, kò bi mí pé irú èwo ni mo fẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Saskia mú mi lọ wo àwòrán ara ògiri yẹn kí wọ́n tó fi aṣọ bò ó. Ẹ̀yin kò tíì rí i. Èmi ni mo wà níbẹ̀, mo ga ju òpó iná lọ, mo gbé ẹja kọ́ọ̀dù mọ́ àyà bí ìyá tó gbé ọmọ, omijé ń já bọ́ lójú mi. Ẹja náà ń wò mí. Mo jókòó sílẹ̀ lórí kọ̀ǹkéré, Saskia sì rò pé ayọ̀ ni.

Ìdí nìyí tí mo fi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mervyn lánàá. Ó ń tú ẹ̀rọ kan palẹ̀. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Ẹ ti ra tọdún yìí, Mísíìsì."

"Mervyn, n kò wá rajà. Èmi ni mo ti ẹja yẹn sínú odò."

Ó ń tú ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. "Mo mọ̀. Èmi ni mo fi yín sílẹ̀ níbẹ̀."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí o fi ń ta pọ́ǹpù fún mi látọjọ́ yìí wá?"

"Ẹ wá rà á. Ọjà mi ni."

Mo sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, títí dórí àlùmọ́gàjí. Ó fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ fún mi pé ọdún mẹ́ta ni Coral fi rò pé òun ló ṣe é. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń sùn, kò sì gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo ra pọ́ǹpù kẹta ni Coral dúró lójú fèrèsé, tó ń wò mí bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ lọ, tó sì ní, "Mervyn, Una ò ní kànga." Ó jókòó, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n sì jọ sunkún. Mo bi í pé kí ló dé tí Coral kò fi sọ fún ará ìlú. Ó ní Coral sọ pé wọn kò gba ọkọ òun gbọ́, wọn kò ní gba ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà gbọ́, ẹni yẹn ló sì ń ra pọ́ǹpù.

Mo ní, "Ṣé o rí i, odò yẹn ṣáà yè."

Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ló rìn lórí afárá, Mísíìsì. Àlùmọ́gàjí yín ò rìn."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò tíì lè dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ ti kọ́kọ́ dárí jì mí, ó sì wọ̀ mí dé eegun. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti sọ ìyẹn." Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ ló bi mí bóyá mo ti ṣí àwọn páálí yẹn rí. Mo ní rárá. Ó ní kí n ṣí wọn.

Mo ṣí gbogbo wọn lánàá, lórí eékún mi, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, pọ́ǹpù nìkan ló wà níbẹ̀. Láti ìkẹrin lọ, káàdì kékeré kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé ọwọ́ Coral. Èyí tó kọ́kọ́ ní, "Una, mo ti mọ̀. Wá ká sọ̀rọ̀." Èyí tó tẹ̀ lé e ní, "Una, tíì wà nílé." Ti ọdún tí mo dárí ji ọkọ rẹ̀ lórí pèpéle ní, "Una, o gbóyà o." Ó wá di ìkẹsàn-án, lẹ́tà rẹ̀ ti ń gbọ̀n: "Una, ara mi ò yá. Mervyn ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá jẹun. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn." Nínú ìkẹwàá àti ìkọkànlá, kò sí káàdì. Ẹ mọ ìdí. Ènìyàn mẹ́jọ péré ló lọ sin Coral, mo wà lára wọn, mo sì gbé òdòdó tó tóbi jù lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó síwájú níbí, tí ẹ ó máa ya àwòrán, tí ẹ ó máa wọ́de lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹ jà fún odò, ẹ jà fún ohun gbogbo tó yẹ kí ẹ jà fún, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń wá ẹni tó ṣe ibi, ẹ má kàn wo ẹni tó jọ ẹni tó lè ṣe é. Ẹ wo ẹni tí gbogbo ènìyàn ń dì mọ́. Tí ẹ bá sì ba nǹkan jẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bà á jẹ́. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ẹja bébà lásán ni mo bà jẹ́. Saskia ì bá bínú sí mi fún oṣù kan, kó tún jẹ kéèkì mi. Ọjọ́ Ẹtì ni mo ba ènìyàn jẹ́.

N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Tí mo bá padà láti Melbourne, ẹ ó ní àkókò láti bínú sí mi dáadáa, mo sì yẹ fún un. Ẹ fi ohun tí ó wù yín kun ojú mi lára ògiri yẹn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kéré ju ìyẹn lọ. Mervyn wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó sọ fún mi pé òun yóò wá, ó sì wá, ó wọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọlé, àga tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ ṣófo, èyí tó wà lósì rẹ̀ náà ṣófo, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú yín wà lórí ìdúró. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, àyà mi kò sì dára, ṣùgbọ́n n kò ní sọ̀ kalẹ̀ níbí títí ẹnì kan yóò fi lọ jókòó tì í.